Ta Ni Ó Ń Pe Oyèbísí?

Ta ni ó ń pe Oyèbísí?

Bí a bá gbé ìbéèrè yìí ka iwájú ìjọ Orí Àpáta Ìtùnú ní Mpape, lẹ́bàá Àbújá, lọ́dún 2017, kò sí ẹni tí yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dáhùn. Àwọn ọkùnrin tó ń fọ́ òkúta lórí òkè mọ ìdáhùn rẹ̀. Àwọn akọ̀wé ìjọba tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Maitama láràárọ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọdé tó ń sá kiri láàárín bẹ́ńṣì mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ẹ̀mí ni. Ẹ̀mí ló ń pè é. Gbogbo ènìyàn ló ti dá ara wọn lóhùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Oyèbísí fúnra rẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò bi.

Ìdáhùn tí a kò bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé orísun, àbá lásán ni. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ariwo náà ti bẹ̀rẹ̀.

Opó ni Oyèbísí. Ọlátúndé ọkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ awakọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kan, ti kú láti ọdún mélòó kan. Òun alára jẹ́ atẹ̀wé ní àjọ ìjọba àpapọ̀ kan ní Maitama. Ìtùnúolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kàlàbá. Yàrá kan àti pálọ̀ ni Oyèbísí ń gbé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, níbi tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, òrùlé àwọn olówó ni yóò máa wò nísàlẹ̀ bí ẹni tó ń wo àwo oúnjẹ tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, ilé náà kò gba èrò. Nígbà tó yá, èrò tú. Kò sẹ́ni tó bá a jà, kò sẹ́ni tó kórìíra rẹ̀. Wọ́n kàn gbàgbé rẹ̀ ni, bí a ti ń gbàgbé àga tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé títí àlejò yóò fi pọ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé bí ó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, máí-rúwà tó ń ti ọmọlanke omi gun òkè nìkan ni yóò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Yóò ní, “Sànnu, Màmá.” Òun náà yóò ní, “Yauwa.” Ó parí nìyẹn.

Ìgbà ọyẹ́ ni ariwo náà dé. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ òkúta ní kúárì ni, nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń ró, híhó kan tí kì í sinmi, bí omi tó ń ya lórí àpáta níbi tí ojú kò tó. Àwọn ará Mpape kì í ka ariwo kúárì sí. Àmọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, bí ó ti ń wé gèlè funfun rẹ̀, ó rántí pé àwọn afọ́kúta kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó jáde síta. Òkè náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹyẹlé kan ń rìn gbẹ̀fẹ́ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti pa. Ariwo náà kò dákẹ́. Ó fi ìka di etí òsì, ariwo náà sì ga sí i, bí ìgbà tí ènìyàn bá ti ilẹ̀kùn mọ́ aláriwo sínú yàrá. Ìgbà náà ló mọ̀ pé kì í ṣe òkè ló ń pariwo.

Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀.

Ìjọ aláṣọ funfun kékeré ni Orí Àpáta Ìtùnú. Òfin kan wà níbẹ̀ tí bàbá tó dá ìjọ náà sílẹ̀ fi lélẹ̀ kí ó tó kú: ẹni tí Ẹ̀mí bá dá dùbúlẹ̀ nígbà orin, ọwọ́ ẹlẹ́ran-ara kò gbọdọ̀ gbé e dìde. Aṣọ funfun kan ni wọ́n máa ń tẹ́ bò ó, wọn yóò sì máa kọrin yí i ká títí yóò fi dìde fúnra rẹ̀. Òfin yìí ní ọlá tirẹ̀, kò sì yẹ kí a fi ṣẹ̀sín. Kìkì pé ó ní àbùkù kan tí bàbá náà kò rò: kò sí ẹnì kan nínú ìjọ tó lè bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣubú pé kí ló ń ṣe ọ́.

Oyèbísí fẹ́ràn orin. Ní òwúrọ̀ náà ó kọ ọ́ tọkàntọkàn, bóyá kí orin lè borí híhó inú etí rẹ̀. Bí ó ti ń mí gúlegúle láàárín ẹsẹ kan sí èkejì, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín bí ẹni pé èèrà gùn ún. Ó tàn dé ìka. Lẹ́yìn náà ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ká kò, láìjẹ́ pé ó rán an níṣẹ́: àtàǹpàkò wọ inú àtẹ́lẹwọ́, ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yòókù sì nà gbọnrangandan, wọ́n lẹ̀ mọ́ra bí ẹnu ẹyẹ. Òòyì kọ́ ọ. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà yí po, ó sì dìde wá pàdé rẹ̀.

Orin gbilẹ̀ sí i. Ẹnì kan ta aṣọ bò ó. Nígbà tí Wòlíì Nehemiah, olùṣọ́ ìjọ, wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tó bi í ni pé, “Ìyá Ìtùnú, kí lẹ gbọ́?”

Oyèbísí jẹ́ ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó sọ ohun tó gbọ́ gan-an. “Ohùn kan. Ó ń hó bí omi púpọ̀.”

Gbólóhùn náà kì í ṣe àjèjì sí etí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Gbogbo wọn ti kọ́ ọ láti ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi pé bí ìró omi púpọ̀ ni ohùn Ọlọ́run. Ìjọ hó yèè. Bí ọwọ́ rẹ̀ sì ti le gbagidi, tí ó nà síta lábẹ́ aṣọ, ó tọ́ka sí arákùnrin Adégbọlá kan báyìí, káfíńtà tó ti ń wá iṣẹ́. Nígbà tí Adégbọlá rí iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ó yẹ kí a bi ara wa bóyá Oyèbísí purọ́. Ó ní òun gbọ́ ohùn. Ó gbọ́ ọ. Kò sọ pé ohùn náà sọ̀rọ̀. Wòlíì ló túmọ̀ rẹ̀, Wòlíì náà kò sì purọ́, nítorí ohun tó gbà gbọ́ ló sọ. Ìjọ kò purọ́, ohun tí Wòlíì wí ni wọ́n tún wí. Bí a bá wá irọ́ náà títí, a kò ní rí ẹni tí a ó gbé e lé lórí. Síbẹ̀ ó wà láàárín wọn, ó ń jẹun, ó ń dàgbà.

Láti ọjọ́ náà, ilé Oyèbísí kò ṣófo mọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n á mú búrẹ́dì wá, wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ ìṣòro wọn, wọ́n á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Òun a máa bu omi fún wọn mu, a máa gbọ́ wọn bí ó bá ti ṣeé ṣe tó. Etí òsì rẹ̀ ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ti kọ́ bí a ti ń yí orí láti gbọ́rọ̀. Wọ́n ní bí ó ti ń yí orí yẹn, ó ń tẹ́tí sí ọ̀run ni.

Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń wá ní àárín ọ̀sẹ̀. Àìná ni, télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ló sì ń tọ́jú aṣọ funfun tí wọ́n ń tẹ́. Kì í kan ilẹ̀kùn.

“Ẹ̀yin ọ̀gá Maitama, ẹ ṣílẹ̀kùn o, tálákà Mpape dé!”

“Wọlé, aláriwo. Ilẹ̀kùn wà ní títì ni?”

“Mo gbé mọ́ínmọ́ín wá. Ẹ tètè jẹ ẹ́ o, torí èmi ni màá bá yín jẹ ẹ́ tán.” Àìná á ti jókòó kí ó tó parí ọ̀rọ̀. “Ẹ wá gbọ́. Ìyàwó Alhaji kan gbé léèsì wá lónìí, ó ní kí n rán an kó fún òun ní ìdí. Mo ní, ‘Hàjíà, abẹ́rẹ́ mi ò lè dá ohun tí Ọlọ́run ò dá.’”

“O ò sọ bẹ́ẹ̀!”

“Nínú mi ni mo ti sọ ọ́. Ẹnu mi ní, ‘Kò sí wàhálà, Hàjíà.’”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Oyèbísí a máa rántí ẹ̀rín náà lọ́jọ́ kejì níbi iṣẹ́, níwájú kọ̀ǹpútà, yóò sì tún rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í parí síbi tó dára. Bí mọ́ínmọ́ín bá ti tán, Àìná á máa fi èékánná họ ìsàlẹ̀ àwo.

Tọ́pẹ́ ọmọ rẹ̀ ni. Ó ti gba Kánò lọ, ó ní òun ń lọ sí Líbíà, láti ibẹ̀ òun á wọ ọkọ̀ ojú omi. Agadez ló ti pe ìyá rẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní kó má ṣèyọnu, pé àwọn ń wọ aṣálẹ̀ lọ́la. Láti ìgbà náà, kò sí ohùn rẹ̀, kò sí ti ẹnikẹ́ni tó bá a lọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn yẹn, ṣé kò tíì dárúkọ ẹnì kan?”

“Kì í dárúkọ, Àìná.”

“Bóyá ẹ ò fetí sí i dáadáa ni. Ẹ máa fetí sí i.”

“Mò ń gbọ́ ọ tọ̀sán-tòru.”

“Ẹ ṣé,” Àìná á wí, bí ẹni pé wọ́n ti ṣèlérí fún un. Á kó àwo rẹ̀, á lọ. Oyèbísí á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí kò fi ní rí gèlè rẹ̀ mọ́ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Nígbà náà ni híhó inú etí rẹ̀ máa ń pọ̀ jù.

Ní ọjọ́ Sátidé kan Ìtùnúolúwa pè láti Kàlàbá. Oyèbísí gbé fóònù sí etí òsì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ àtijọ́, kò gbọ́ nǹkankan ju bí ẹni ń họ páànù lọ. Ojú tì í láti tún sọ pé “Kí lo wí?” nítorí ó ti sọ ọ́ ní ìgbà púpọ̀. Ó ṣe bí àwọn tí etí ń kú ti máa ń ṣe: ó fi ẹ̀rín sí ibi tó rò pé ẹ̀rín wà.

Ó fura pé ẹ̀rín náà kò bọ́ síbi tó yẹ. Ó sáré gbé fóònù sí etí ọ̀tún.

“Mọ́mì, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Mo ní ara ọmọ mi ò yá.”

“Ìtùnú, mi ò gbọ́...”

“Ẹ kì í gbọ́ mọ́. It's okay, Mọ́mì. Mo mọ̀ pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń dúró dè yín.”

Kò sí ará ṣọ́ọ̀ṣì kankan níbẹ̀. Òun àti fóònù náà nìkan ni. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ìpè láti Kàlàbá di ohun tí a ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Níbi iṣẹ́ ni òtítọ́ ti kọ́kọ́ yọjú, kò sì wọ aṣọ funfun wá. Oyèbísí ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́ nígbà tí òòyì dé, ó sì jábọ́. Ẹsẹ̀ kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n mú un lọ sí kíníìkì àwọn òṣìṣẹ́. Dókítà tó wà níbẹ̀, Akínlabí, jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìjerò tí kì í kánjú. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ìka rẹ̀ tó ń gbọ̀n pẹ́pẹ́, ó sì wo sìkáàfù tó máa ń wé mọ́ ọrùn.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ọrùn yín.”

Àpá iṣẹ́ abẹ wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, ó yí ọrùn bí okùn ìlẹ̀kẹ̀. Gẹ̀gẹ̀ ni wọ́n gé fún un ní ọsibítù ìlú wọn nígbà tí Ìtùnú wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn nígbà náà, wọ́n ní kó máa padà wá fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ rí iṣẹ́ sí Àbújá, ara rẹ̀ sì le, ó sì gbàgbé.

Dókítà Akínlabí fa rọ́bà tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yọ, ó wé e mọ́ apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì fún afẹ́fẹ́ sí i títí ó fi le. Kò tú u bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀.

“Ẹ fara dà á díẹ̀ fún mi.”

Fáànù ń yí. Nọ́ọ̀sì kan ń jẹ ẹ̀pà ní yàrá kejì. Kò sí orin, kò sí agogo, kò sẹ́ni tó gbàdúrà. Oyèbísí ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ejò. Àtàǹpàkò wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nà, wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ọwọ́ tó tọ́ka sí Adégbọlá káfíńtà, ọwọ́ tí odidi ìjọ ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, tọ́ka tààrà sí garawa ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ tábìlì dókítà.

“Ṣé ẹ ti kọrin ni?” Kò mọ ìgbà tó bèèrè.

“Orin kẹ̀, Mà?” Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tú rọ́bà náà. “Pajápajá ni. Ẹ̀jẹ̀ yín la máa yẹ̀ wò, àmọ́ mo rò pé mo mọ ohun tí a máa bá níbẹ̀.”

Nígbà tí èsì dé, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún un, ó sì bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti gé gẹ̀gẹ̀ náà, kókó kéékèèké mẹ́rin wà tí wọn kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Àwọn ló ń tú họ́móònù tó ń darí kálísíọ̀mù sínú ẹ̀jẹ̀, kálísíọ̀mù kan náà tó mú egungun le. Iṣẹ́ abẹ ọrùn a máa pa wọ́n lára nígbà mìíràn láìjẹ́ ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, àìtó kálísíọ̀mù sì lè fara pamọ́ fún ọdún pípẹ́. Bí kálísíọ̀mù bá wálẹ̀, iṣan á máa súnkì fúnra rẹ̀.

“Bí ènìyàn bá wá ń kọrin kíkan, tó ń mí gúlegúle,” ni Dókítà wí, “èyí tó kù tó lè ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ á tún dín. Ìgbà yẹn ló máa ń gbé e.”

“Etí ńkọ́?”

Dókítà fi ìka tọ́ka sí etí ara rẹ̀. “Lórí ti etí, Mà, mi ò ní fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀. Inú etí lọ́hùn-ún, ibì kan wà tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, omi ló kún inú rẹ̀. Ibì kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí eérún bí iyanrìn wà, òun ló ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá a dúró ni tàbí à ń ṣubú. Kálísíọ̀mù wà nínú omi yẹn, òun náà ló di iyanrìn yẹn. Bí tara bá dàrú, ó ṣeé ṣe kí tetí dàrú. Wọ́n ti rí àwọn kan tí irú èyí ṣe, tí etí wọn hó, tó sì di. Kì í ṣe gbogbo wọn. Bóyá òun ló fà á fún yín, mi ò lè búra. A máa tọ́jú èyí tó dájú, ká wá wo bí etí á ti ṣe sí. Èyí tó ti lọ lè má padà.”

Ó fún un ní kóró oògùn funfun ńláńlá tó dà bí ẹfun ìkọ̀wé lẹ́nu, àti òmíràn tó kéré. Ó ní kó má dá wọn dúró fúnra rẹ̀ láéláé, nítorí ohun tó ń fún ọwọ́ pọ̀ lè fún ọ̀nà ọ̀fun pọ̀, ó sì lè da ìlù ọkàn rú. Oyèbísí dúpẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn rẹ̀, bóyá ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ń pe òun, kò bi í, nítorí ó ti mọ̀ pé Dókítà yóò dáhùn.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ètè kò rìn ín mọ́. Ó kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì dúró ṣinṣin lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Híhó etí kò lọ tán, ṣùgbọ́n ó rọlẹ̀, ó di bí òjò tó ń rọ̀ ní ìlú mìíràn. Etí òsì wà bó ṣe wà. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn.

Ìjọ ń wò ó. Ọjọ́ Ìsinmi kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Wòlíì Nehemiah, tó fẹ́ràn rẹ̀ tòótọ́, gbààwẹ̀ fún un. Ìyá kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà pé ó ní láti jẹ́ pé ó ṣe ohun tó bí Ẹ̀mí nínú. Etí òsì ni Oyèbísí kọ sí i, nítorí náà kò gbọ́, ṣùgbọ́n ó rí ẹnu rẹ̀. Búrẹ́dì dín kù. Àlejò dín kù. Àga tó wà ní kọ̀rọ̀ padà sí kọ̀rọ̀. Ó rò ó láti sọ òótọ́ fún wọn, ó tilẹ̀ kó ọ̀rọ̀ náà jọ lẹ́nu lọ́jọ́ kan. Àmọ́ ta ni yóò sọ ọ́ fún nígbà tí kò sẹ́ni tó bi í?

Àìná nìkan ni kò yẹ̀. Ó ń wá, ó ń gbé àwo wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún Oyèbísí lé orí itan ara rẹ̀, ó ń yí i padà bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò kí ó tó gé e.

“Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ fi ń ṣubú, ọwọ́ yìí ò tọ́ka sí mi rí. Mo rò ó títí mo fi rí ìdí rẹ̀. Èmi ni mò ń tẹ́ aṣọ. Ọ̀ọ́kán orí yín ni mo máa ń dúró sí, ọwọ́ yín á sì nà sápá ẹsẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ rí mi?”

“Àìná...”

“Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹlòmíràn ló máa tẹ́ aṣọ. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín lèmi máa kúnlẹ̀ sí.”

“Bí mi ò bá ṣubú ńkọ́?”

“Ẹ máa ṣubú.” Ojú rẹ̀ kò ṣẹ́. “Bó bá tọ́ka sí mi, á jẹ́ pé Tọ́pẹ́ wà láàyè, màá máa retí ẹ̀. Bí kò bá tọ́ka, màá gbé aṣọ dúdú wọ̀. Mi ò lè wà láàárín mọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Àárín yìí ló ń pa mí.”

Nígbà tí ó lọ, Oyèbísí jókòó pẹ̀lú ìgò oògùn lọ́wọ́. Kí a má ṣe dá a lẹ́jọ́ kíákíá. Ìdí méjì ló wà nínú ohun tó ṣe. Èkíní ni pé àánú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe é, ó sì rò pé ìrètí kò ní pa ẹnikẹ́ni. Èkejì ni pé bí ọwọ́ náà kò bá tọ́ka, Àìná kò ní ìdí láti gun òkè wá mọ́, ẹ̀rín kan ṣoṣo tó kù nínú ilé náà yóò sì bá a lọ. Èwo nínú méjèèjì ló wúwo jù? Òun gan-an kò fẹ́ wọ̀n wọ́n. Ó fi ìgò náà sí ìsàlẹ̀ àpótí tí fìlà Ọlátúndé wà, ó sì pa á dé.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, èèrà ti padà sí ètè rẹ̀. Híhó náà wọlé bí onílé tó ti àjò dé. Oyèbísí sì ṣe ohun kan tí òun fúnra rẹ̀ kò retí: ó ń tẹ́tí sí i. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó fi ọwọ́ di etí méjèèjì, ó fetí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Àìná ti bẹ̀ ẹ́, tọkàntọkàn, bóyá orúkọ kan yóò yọ nínú rẹ̀. Ó wá orúkọ Tọ́pẹ́ níbẹ̀. Ó wá ti Ọlátúndé. Nígbà tó pẹ́, ó wá tirẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àìná ti kúnlẹ̀ láàárín ọ̀nà kí orin tó bẹ̀rẹ̀, láìwé gèlè, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Oyèbísí. Ẹsẹ kìíní kò tíì parí nígbà tí ìka bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ní ẹsẹ kejì, ọ̀fun rẹ̀ fún un mọ́lẹ̀ díẹ̀, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí, ẹ̀rù sì bà á tòótọ́. Òòyì gbé e. Ó gbọ́ bí orí rẹ̀ ti kan símẹ́ńtì.

Aṣọ funfun balẹ̀ lé e lójú. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ gba inú rẹ̀ wọlé bí omi wàrà. Nínú rẹ̀ ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó nà, tó le, tó gba etí aṣọ jáde síta. Kò níláti wò ó kí ó tó mọ ibi tó kọjú sí. Ariwo ìjọ ti sọ ọ́.

“Ó tọ́ka sí Ìyá Tọ́pẹ́! Ó tọ́ka sí i! Ògo!”

Etí aṣọ gbé sókè. Àìná ti rá wọlé sábẹ́ rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Omijé ń ṣàn gba orí imú rẹ̀ kọjá. Ètè rẹ̀ ń lọ, ó ń lọ, Oyèbísí kò sì gbọ́ nǹkankan bí kò ṣe omi púpọ̀. Bí ó bá mi orí lásán, ó ti tó. Bí ó bá rẹ́rìn-ín síbi tí ẹ̀rín yẹ kó wà, ó ti parí. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọn kò sọ ohun tí a ó ṣe sí ẹyin tí ẹlòmíràn yé sí wa lẹ́nu.

Ó fi agbára yí gbogbo ara, ó kọ etí ọ̀tún sí i.

“Tún un sọ, Àìná.”

“Mo ní ta ni.” Ohùn Àìná ti há. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún mi. Ta ni ó ń pè yín? Ṣé òun ni?”

Ẹnìkan bi í. Láti ìgbà ọyẹ́ títí di àárọ̀ yìí, ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì mọ ohun tí òun yóò pàdánù bí ẹni tó ń wo ilé tí a fẹ́ wó. Ó fi ọwọ́ òsì, èyí tó ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, fa aṣọ náà kúrò lójú àwọn méjèèjì. Orin dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó tú aṣọ yẹn rí kí Wòlíì tó dé.

Ẹni tí etí rẹ̀ ń kú kì í mọ bí ohùn ara rẹ̀ ti ga tó. Ó rò pé Àìná nìkan ni òun ń sọ ọ́ fún, àmọ́ gbogbo ìjọ gbọ́ ọ, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó dúró síta lórí àpáta.

“Kò sí ẹni tó ń pè mí, Àìná. Etí mi ló ń ṣàìsàn. Kò sí ẹnì kankan tó ń pè mí.”